Ọjọ́ Orí Alhaji Tí Mo Fi Pa Mọ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà báyìí, irun mi ti funfun, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ramọ́ta ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Olympia Fields, lẹ́bàá Chicago, ló ń gbé. Lóṣù tó kọjá ó wá kí mi, ó jókòó, kò jẹun. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

"Anti mi, mo máa pé fifty-seven lọ́dún yìí o," ló wí. "Ọdún tó pa Daddy nìyẹn. Dókítà mi ní kí n máa ṣọ́ra, pé àìsàn ọkàn yẹn lè wà nínú ìdílé."

Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí n sọ gan-an, mo gbé e mì.

Bàbá Ramọ́ta, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, ló gbà mí sílé ní Hazel Crest nígbà tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nílé wá kàwé sí i ní Chicago, láàárín àwọn ọdún 1980. Gáàdì ni wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan. Èmi rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan láàárín ìlú. Mo ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sínú kọ̀ǹpútà: ọjọ́ orí wọn, ìwọ̀n ara wọn, oògùn tí wọ́n gbà, ohun tí àwòrán inú ara wọn fi hàn. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka wa ni. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí mo fẹ́ kí nǹkan máa wà létòlétò.

Kókó kan yọ sí Alhaji lọ́rùn. Wọ́n rò pé eyín ló fà á. Mo mú wọn lọ síbi iṣẹ́ mi, wọ́n wọ inú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, a sì rí i pé irú kókó bẹ́ẹ̀ wà láyà àti nínú ikùn wọn. Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà wa, obìnrin onísùúrù kan, sọ fún wa nípa ìwádìí oògùn tuntun kan. Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣì í sọ: ìwádìí kò túmọ̀ sí pé òyìnbó ń fi ènìyàn ṣe eku ìdánwò. Wọ́n ń po oògùn mélòó kan pọ̀, wọ́n sì ń fún aláìsàn ní èyí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, olómi pupa, a máa ba ọkàn jẹ́, pàápàá ọkàn arúgbó. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ìwé Alhaji sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Bàbá tó bí mi ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà náà, bàbá mi sì ń dọ̀bálẹ̀ kí Alhaji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Alhaji ti gé ọdún mọ́kànlá kúrò lórí ọjọ́ orí wọn nílé kí wọ́n tó lè ríṣẹ́. Páàsìpọ́ọ̀tù tẹ̀lé e, iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé páàsìpọ́ọ̀tù.

Nígbà tí à ń wakọ̀ bọ̀ wálé, Alhaji ní, "Tíṣà, ọdún tó wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù ni ọdún mi níbí o. Èyí tí bàbá rẹ mọ̀, ilé ló ń gbé."

Mo ní oògùn náà ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí.

"Jẹjẹrẹ ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó bi mí ní ọjọ́ orí kó tó wọlé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́ kíkankíkan pé bí mo bá la ẹnu, iṣẹ́ á bọ́, ìwé ìgbélùú á di wàhálà, wọ́n á sì dá àwọn padà sílé láti lọ kú.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n ya àwòrán ọkàn Alhaji. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn náà kò lágbára tó bó ṣe yẹ fún ẹni ọdún wọn, ṣùgbọ́n ó ṣì lè gbà á. "Ká ní wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ni, mi ò ní dán an wò," ló wí. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

Kò sí ẹni tó fipá mú mi lórí ìdúró yẹn. Alhaji kò sí nítòsí. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Àwòrán kejì fi hàn pé àwọn kókó ti súnkì. Alhaji tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ kírun Jímọ̀, wọ́n sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò: "Tíṣà yìí, díẹ̀ ló kù kó tà mí." Kò pẹ́, ẹsẹ̀ wọn wú. Wọn kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ń jókòó sùn, torí bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí kì í tó. Nígbà òtútù ni wọ́n kú. Kókó ọrùn wọn ti pòórá pátápátá nígbà náà. Ọkàn wọn ló dákẹ́.

Dókítà sunkún lójú mi. Ó ní òun kò mọ ibi tí òun ti ṣì í. Ó sọ fún ìdílé pé ó lè jẹ́ pé àìlera kan ti wà lára ọkàn wọn láti ìran wọn. Alhaja, ìyàwó wọn, mọ òtítọ́, ó wò mí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà. Òun náà ti di olóògbé.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Kò parí síbẹ̀. Nítorí ikú Alhaji, àwọn dókítà pinnu láti dín oògùn pupa náà kù fún àwọn mìíràn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ ti ìwé Alhaji. Ọ̀kan nínú wọn ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ará Puerto Rico, tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Oògùn náà ń ṣe é lóore. Èmi ni mo tẹ ìdínkù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá dá a dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kókó rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí wú. Bóyá ìdínkù náà ló fà á, mi ò lè sọ. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n má baà mọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Mo lọ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òtítọ́ ló dára.

Mo fẹ́ sọ fún Ramọ́ta. Ẹ̀rù tó ń bà á kò yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, torí ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kú, oògùn tí kò yẹ wọ́n ló sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa wí i? Ṣé kí n pe àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn ni, àbí kí èmi àti òun nìkan jókòó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bó bá lé mi jáde, mo gbà.

Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí inú ìwé yín yàtọ̀, mi ò bá yín jà. Àmọ́ bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ èyí tí ìyá yín mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí àgbà bá ní kí ẹ fi irú rẹ̀ pa mọ́, ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ síbẹ̀. Èmi bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì sin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.