Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Sọ fún Aksel ní Èbúté Náksos

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ikọ́ yìí tó gbà á lẹ́nu mi. Èmi Zannis, darandaran, ẹni tí gbogbo Náksos, erékùṣù wa ní ilẹ̀ Gíríìsì, ń pè ní bàbá rere, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọmọ mi Kalirói wà ní ilé ìdáná báyìí, ó ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún mi, àyà mi sì ń já bí mo ṣe ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ta ni yóò máa gbé mi jókòó? Ẹ ò rí i, kódà nísinsìnyí, ara mi náà ni mo ń rò.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni Aksel, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, fi ọkọ̀ ojú omi kékeré gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Oṣù mẹ́ta ló fi bá mi fún wàrà àgùntàn. Ọmọ dáadáa ni, ká má purọ́. Ìyá Kalirói ti kú, ọmọ náà nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Nígbà tí ìfẹ́ wọ àárín òun àti Aksel, tó sọ pé òun fẹ́ bá a lọ, mo rẹ́rìn-ín, mo súre fún wọn, inú mi sì ń gbóná bí ààrò.

Ẹ mọ̀ pé "nẹ" ni "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́dọ̀ tiwa. Lédè Aksel, ọ̀rọ̀ kan tó dún bíi tiwa gan-an túmọ̀ sí "rárá". Ó ti kọ́ èdè wa, àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà á, èdè ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, òun náà ló ń sọ. Lọ́jọ́ kan, àkekèé jáde lábẹ́ òkúta, mo kígbe pé, "Ṣé ó ta ọ́ ni?" Ó ní, "Nẹ! Nẹ!" Mo gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo sáré tọ dókítà lọ, àṣé àkekèé ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án! A rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò lọ, afẹ́fẹ́ àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kalirói fẹ́ kọ́kọ́ tan fìtílà sí ibojì ìyá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré lọ sọ fún Aksel kó dúró dè mí. Mò ń bọ̀ kíá." Mo sáré lóòótọ́. Ìgbì ti ń gbá ọkọ̀ Aksel mọ́ òkúta èbúté. "Bàbá! Ṣé Kalirói ń bọ̀? Ọkọ̀ yìí máa fọ́ o! Ṣé ó ń bọ̀?" Ẹ̀rù ti bò ó. Mo ní, "Nẹ." Mo wá gbé àgbọ̀n sókè, bí a ṣe ń ṣe níbí tí a bá fẹ́ sọ pé rárá. Ahọ́n mi sọ òótọ́, àgbọ̀n mi purọ́. Ọ̀dàlẹ̀ àgbà! Aksel kọjú sí abúlé, ó pe orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sunkún, ó sì tú okùn ọkọ̀, ó lọ.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Kalirói dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, ẹ ò bá a ni?" Mo gbá a mọ́ra, mo ní, "Kò tilẹ̀ béèrè rẹ. Ṣé o ti gbàgbé ọmọbìnrin ọba ayé àtijọ́ tó sá tẹ̀lé àlejò, tí àlejò sì fi í sílẹ̀ lójú oorun ní etíkun wa níbí? Bí àwọn àlejò ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó gbà mí gbọ́. Kò kọ lẹ́tà, Aksel náà ò kọ. Ìtìjú di àwọn méjèèjì lẹ́nu. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìtàn ọmọ ọba yẹn, ọmọ mi á dìde kúrò níbẹ̀. Àlejò ni gbogbo ayé ń bú nínú ìtàn náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni bàbá ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ̀rù àdáwà kì í ṣe ìfẹ́. Ẹ má fi í ti ọmọ mọ́lé.

Àná ni mo kọ èyí. Lónìí mo pè é wọlé, mo kà á fún un, mo ní kó dárí jì mí. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó pè mí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ pè mí bó ṣe pè mí, Bàbá."

Mo gbìyànjú, ohùn mi ò gbé e.

Ó ní, "Ẹ tún un pè."