Ìwé Bàbá Ẹ̀pẹ́ Tí Mo Fi Orúkọ Ara Mi Ránṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì ṣépè fún mi kí ẹ tó kà á tán. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé àwọn atẹ̀wé ń retí èsì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, Ìkòròdú ni mo ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìpakodò, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé sórí kọ̀ǹpútà. Bàbá apẹja kan láti Ẹ̀pẹ́, tó máa ń wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbèṣè, ló kó ìwé mẹ́rin irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò wá bá mi. Ìtàn apẹja kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kún inú wọn. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n sì bá òun fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn, torí òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ímeèlì.

Ìtàn náà dùn. Kí n má parọ́, ó dùn débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Èmi náà ti ń kọ̀wé láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi tèmi ránṣẹ́, wọn ò gbà á rí. Ìlara mú mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè pè é lórúkọ míì. Nígbà tí mo fẹ́ fi ti Bàbá ránṣẹ́, orúkọ ara mi ni mo kọ sí i. Mo sọ fún ara mi pé wọn ò kúkú ní gbà á.

Wọ́n gbà á.

Bàbá a máa yà wá béèrè. Nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ní wọn ò tíì fèsì. Nígbà kẹrin, mo ní wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n kà á dé ibi Odò Àbẹ̀kẹ́?" Mo ní wọ́n kà á tán pátá. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́hun á san án fún ẹ." Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Kí ló dé tó jẹ́ odò inú ìtàn yẹn nìkan ló bi mí léèrè? Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja yíyan rán ọmọ rẹ̀ sí mi ní gbogbo Jímọ̀. Kò fún mi lẹ́ja rí tẹ́lẹ̀. Ṣé ọpẹ́ ni, àbí ó ń ṣọ́ mi? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, tèmi ti di àìsàn. Mo máa ń kúnlẹ̀ gbà á, ọkọ mi á jẹ ẹ́. Èmi ò jẹ́ fẹnu kàn án.

Lóṣù tó kọjá, olóòtú pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní àwọn wá Odò Àbẹ̀kẹ́ lórí máàpù, àwọn ò rí i. Mo ní ó ti gbẹ. Ó ní "Ẹn-ẹ́n," ohùn rẹ̀ ò sì dùn létí mi mọ́. Nígbà tí ọmọ Bàbá gbé ẹja dé, mo fọgbọ́n bi í bóyá ó mọ odò náà.

Ó wò mí títí. "Ìyá Tóbi, kò sí odò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ màámi. Ọkọ̀ ló dà wọ́n nù sómi, a ò rí òkú wọn gbé sin. Bàámi ló sọ ibẹ̀ lórúkọ wọn. Bàámi ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ìwé yẹn bá jáde, á dà bí ẹni pé a ti sin wọ́n."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ, ó sì tún bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi.

Ìwé àdéhùn ti wà lórí tábìlì mi. Mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé èmi nìkan ni mo kọ ìwé náà. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ nù, màmá yẹn á sì tún wà lómi. Bí mo bá dákẹ́, á jáde, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló máa wà lórí ibojì ìyá oníyàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba ìwé àdéhùn náà, Jímọ̀ náà sì ni ẹja ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún ẹni tó máa gbé e wá?