Ọ̀pá Gíà Tí Wọ́n Ní Kò Kàn Mí

Gbádébọ̀ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí i bí àwọn ìyá kan ṣe ń wojú ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbúrò ọkọ mi ni, wọ́n sì ti bí i kí n tó wọlé wọn. Ìyàwó kì í dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, Akọ̀wé ni mò ń pè é, nítorí ó máa ń fi gègé há àpò ẹ̀wù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kó kọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n lónìí, Gbádébọ̀ ni n ó máa wí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún mi lẹ́sẹ̀ láti rìn dé iwájú yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí n ó ti lè jáde kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Ẹ yin Olúwa! Mo ní ẹ yin Olúwa! Ó dáa.

Ẹ rántí píkọ́ọ̀pù ọkọ mi. Iṣẹ́ ojú títì ló ṣe fún ìjọba, ó sì rà á nígbà tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Gíà méjì ló ní: èyí tí gbogbo mọ́tò ní, àti kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bí ọ̀nà bá ní ẹrẹ̀. Bọ́tìnnì kan lára dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún kékeré yìí. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, gíà kékeré yìí bàjẹ́. Gbádébọ̀ ní kí n fi sílẹ̀ fún òun, pé òun mọ àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Mushin.

Nígbà tó gbé e dé, mo rí ọ̀pá tuntun kan tó yọ láti ilẹ̀ láàárín ìjókòó iwájú.

Mo ní, "Akọ̀wé, ọ̀pá wo tún nìyí?"

Ó ní, "Ìyàwó wa, ti ọ̀nà oko nìyẹn. Kò kàn yín ní Èkó. Ẹ má fọwọ́ kàn án, kò ní fọwọ́ kàn yín."

A rẹ́rìn-ín. N kò fọwọ́ kàn án. Mo jẹ́ ẹni tó kàwé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ní kò kàn mí nílé ọkọ, n kì í yọjú sí i.

Ohun tí kò sọ fún mi nìyí. Gíà tí wọ́n rí rà, tòkunbọ̀ ni, kò mọ bọ́tìnnì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń yí i. Àwọn wáyà tó ń lọ sídìí ti àtijọ́ kò wá níbi tí wọ́n máa rọ̀ mọ́, mọ́tò náà sì kọ̀, kò sítáàtì. Rewáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò tó bá wọn ṣe é, gé àwọn wáyà náà, ó so èyí mọ́ tọ̀hún, kí mọ́tò lè máa rò pé gíà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ òun. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iná pupa kékeré kan wà tó máa ń kìlọ̀ bí gíà kékeré bá bọ́ sí àárín, tí kò mú iwájú, tí kò mú ẹ̀yìn. Wáyà iná yẹn wà lára èyí tí wọ́n gé. Bí ọ̀pá náà bá sì wà láàárín, kò sí bí ẹ ṣe lè fi gíà ńlá sí ọ̀kan, kò ní di táyà mú. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé tí kò ní ògiri. Rewáyà sọ fún un pé, "Ẹ kìlọ̀ fún màmá o, kí wọ́n máa wo ọ̀pá yìí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀." Gbádébọ̀ gbọ́. Ó dákẹ́ sí i.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, èmi ni mo fi píkọ́ọ̀pù náà kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá sí ọgbà yìí. Ìyá Ìjọ ìgbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ni wọ́n jókòó láàárín. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n kì í ṣe ènìyàn kékeré. Mo páàkì sókè, lẹ́bàá ilé agogo. Háńdìbíréèkì rẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́, nítorí náà mo fi gíà sí ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ti kọ́ mi. Bí Ìyá Ìjọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ìró wọn há sára ọ̀pá yẹn. Wọ́n fà á, kò yọ. Wọ́n tún fà á. Mo gbọ́ tí nǹkan dún gbì. Wọ́n ní, "Ọpẹ́ o, kò ya." Àwa méjèèjì bọ́ sílẹ̀.

N kò tíì dé ibi tí àwọn ọkùnrin tó máa já ẹrù wà tí mo fi bojú wẹ̀yìn. Píkọ́ọ̀pù ń lọ. Kò pariwo, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ó kàn ń yí lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ń kọ́ orin ìkórè. Wọ́n kẹ́yìn sí i. Mo lanu, ohùn ò jáde. Èmi tí mo fi ohùn yìí darí ilé ìwé! Jésù nìkan ni mo lè pè, inú mi ni mo sì ti pè é.

Ó gba orí àga bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé síta láti kùn. Àga náà ló yí i lójú díẹ̀, ó wá forí sọ òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà dà síbẹ̀. Yanrìn tí mo ti jà lé lórí nípàdé pé ó ń ba ẹwà ọgbà jẹ́! Imú rẹ̀ wọ inú yanrìn, ó dúró. Ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá, bó bá na ọwọ́, ì bá kan bọ́ńpà rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó fara pa. Ẹ yin Olúwa!

Ìgbàlà kìíní nìyẹn. Ìtìjú ló tẹ̀ lé e.

Gbogbo ènìyàn ń pariwo pé, "Ta ló páàkì rẹ̀?" Mo ní èmi ni, mo ní gíà wà ní ọ̀kan, kí wọ́n lọ wò ó. Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Mo rí i tó na ọwọ́ wọlé, tó ṣe nǹkan níbẹ̀, kó tó yíjú sí ìjọ.

Ó ní, "Gíà wo? Fíríì ló wà, kò sí nínú gíà kankan! Ìyàwó wa, ẹ̀kọ́ ìwé ò kúkú ní ẹsẹ̀ tí yóò fi tẹ bíréèkì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lára yín tó wà níbí rẹ́rìn-ín. N kò ní tọ́ka sí yín, ẹ mọ ara yín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Màmá Fíríì ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Obìnrin kan tí mo kọ́ ní a-b-d fi orúkọ yẹn kí mi lọ́jà, ó tún kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí n lọ sinmi. Ẹbí pe ìpàdé, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé Gbádébọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó burú jù ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ọmọ yẹn ni mò ń rí, mo sì ń bi ara mi pé, àbí lóòótọ́ ni n kò fi sí gíà?

Mo gbàdúrà. N kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àdúrà tí ènìyàn lè ṣe àmín sí.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, Gbádébọ̀ fi píkọ́ọ̀pù náà kó sìmẹ́ńtì wá sílé rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí. Ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù ọjà rẹ̀ ló wà níwájú. Gbádébọ̀ fi gíà sí ọ̀kan, ó lọ sẹ́yìn láti ṣí ilẹ̀kùn ẹrù. Bí ìyàwó ṣe ń fa báàgì rẹ̀ jáde, báàgì fa ọ̀pá. Mọ́tò yí sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ Gbádébọ̀ há ògiri.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ náà kọ́. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ń sunkún, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Gíà wà ní ọ̀kan o, níṣojú mi ló fi sí i. Bàbá, ṣé bó ti ṣe màmá nìyí? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé bó ti ṣe màmá nìyí?"

Ìgbà yẹn ni Gbádébọ̀ la ẹnu, tó sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín nípa wáyà.

Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀. Mo bá ọ̀pá láàárín, mo dá a padà. Mo bá gíà yín ní ọ̀kan, mo yọ ọ́."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ́tò bọ̀dá mi. Mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé bó ṣe ti òkè òkun dé ni mo ṣe tún un ṣe. Ojú tì mí láti sọ pé wáyà tí wọ́n gé lásán ni."

Ojú tì í! Ojú rẹ̀ ò lè gba ìtìjú ìṣẹ́jú kan, ó wá gbé e fún mi rù láti ìgbà náà. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ tó wú yẹn, mo rántí àwọn ohun tí mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lórí rẹ̀, ojú sì ti èmi náà. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀. Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọlọ́run gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ikú, ó gba Gbádébọ̀, ó sì gba orúkọ mi padà. Ẹni tó bá tún pè mí ní Màmá Fíríì, n ó jẹ́ ẹ, n ó sì béèrè orúkọ tirẹ̀. Tọpẹ́tọpẹ́ ni n ó padà sí ìjókòó mi, iwájú ni o, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ṣáájú kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ fún un pé n ó jẹ́rìí, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ. Ó di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n dìde. Ó ní, "Ìyàwó wa, orúkọ yín ni mo bà jẹ́ níwájú wọn. Ẹ má pè mí ní Akọ̀wé lọ́jọ́ yẹn. Gbádébọ̀ ni kẹ́ ẹ pè mí, kẹ́ ẹ pè é sókè, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn."