Àádọ́rin sí Òdo, Apá Tòlótòló Ló Bá A Lọ

Ẹ má wulẹ̀ gbé kọfí wá, Kóòṣì Dahlgren! Apá wo ni mo fẹ́ fi gbà á? Ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe kan ilẹ̀kùn yín? Orí ni! Orí ni mo fi kàn án, èmi Merle Stohlmann, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí gbogbo ìpínlẹ̀ Áyówà mọ̀ sí ẹni tó ń wọ aṣọ tòlótòló dá àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yín lára yá! Arvilla ìyàwó mi ló fi ṣíbí bọ́ mi lẹ́yin láàárọ̀ yìí bí ọmọ ọwọ́, ó tún ń ní kí n la ẹnu dáadáa.

Àádọ́rin sí òdo! Ṣé ọmọ èèyàn kọ́ lẹ bá gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lánàá ni? Ẹ sì mọ àṣà ilé wa o. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, tẹ́ ẹ gba àmì méje, iye àmì tó bá wà lójú pátákó, iye ìgbà tí tòlótòló gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kó fi apá ti ara ẹ̀ dìde nìyẹn, tìyẹ́tìyẹ́. Ẹ jẹ méje, mo ṣe méje, inú mi dùn. Ẹ jẹ mẹ́rìnlá, mo ṣe é, mo tún jùdí sáwọn èèyàn. Nígbà tó di méjìlélógójì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn Cedar Bluff. Ọ̀tá wa o! Mo ń bẹ Olúwa kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa!

Kí n sinmi kẹ̀? Lójú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn tó ń kà á sókè? Bí mo bá fo ẹyọ kan péré, wọ́n á hó lé mi lórí.

Ẹ ní kí ni? Pé iṣẹ́ ni àwọn Cedar Bluff náà ń ṣe, pé wọ́n ń gbowó oṣù, kí wọ́n dá yín dúró bí wọ́n bá lè dá yín dúró? Ẹ gbọ́ ná, ta ló ní kẹ́ ẹ má nà wọ́n? Ẹ nà wọ́n! Ṣùgbọ́n ìwọ̀n là á bá ẹni ṣọ̀tá mọ. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ ti ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kí ló kù? Kí Brandt tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yín gba bọ́ọ̀lù, kó kúnlẹ̀, kí aago sáré tán, ká máa lọ sílé. Ohun tẹ́ni tí wọ́n bí ire ń ṣe nìyẹn! Mo ti bọ́ orí tòlótòló sílẹ̀, mo ti ń nu òógùn, ni mo bá rí yín tẹ́ ẹ ń juwọ́ sí i pé kó jù ú. Ó sì jù ú! Ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ ò kúnlẹ̀, èmi ni mo dojú délẹ̀! Gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rùn-ún! Ẹ ṣírò ó bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni. Òmìrán kan wà nínú àwọn Cedar Bluff tó jókòó sílẹ̀ tó ń sunkún, ó rí mi, ó nujú, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ẹni tẹ́ ẹ nà ló ń bá mi kẹ́dùn!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Ṣé ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí? Britta ń ṣègbéyàwó! Ọmọ mi kan ṣoṣo! Aago méjì, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Lútérù, lẹ́yìn náà kí bàbá ìyàwó di ọmọ ẹ̀ mú, kó bá a jó lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń retí ijó yẹn, Kóòṣì. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí, apá mi ò dé èjìká ọmọ mi. Ó ní, "Dádì, kò burú," ó sì yíjú sógiri. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Torí náà, ẹ má bẹ̀ mí o. Ẹ dìde, ẹ wọ kóòtù. Ẹ sáà mọ bí Áárónì àti Húrì ṣe gbé apá Mósè ró lórí òkè? Ẹ̀yin lẹ máa gbé tọ̀tún, Brandt á gbé tòsì, ibi tí mo bá yí sí ni kẹ́ ẹ yí sí. Bẹ́ẹ̀ ni, lójú gbogbo ìlú! Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú orúnkún yín tó ń dùn yín yẹn náà!

Kí lẹ wí? Kó jẹ́ orin kan péré? Pé orin kan ti tó? Háà! Ẹ tún un sọ, kí Arvilla gbọ́ ọ nínú mọ́tò! Kóòṣì Dahlgren mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ó tó"! Hà hà hà! Yéè, apá mi o! Ẹ wọ bàtà yín jàre, a máa jó títí wọ́n á fi lé wa jáde.