Ọmọ Sìkírá Tó Wà Lábẹ́ Àpáta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ǹ bá sì gbé e wọ sàréè, àmọ́ Sìkírá ń bọ̀ wá bá mi ní Dubai níbí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí mo sin ọmọ òun sí.

Àbúrò ni mo fi Sìkírá ṣe. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Karama níbí, nígbà tí a ń ra ọjà ní ọjà Deira ránṣẹ́ sí Èkó. Ó gbé oyún wá. Ọjà dá a dúró títí visa rẹ̀ fi parí, tèmi náà sì ti parí. Inú yàrá yẹn ló bímọ sí láìpé oṣù. Obìnrin ni. Ọmọ náà ò dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Sìkírá ò lè dìde. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bá lèmọ́ọ̀mù ní mọ́ṣáláṣí Mamzar, kí wọ́n kírun sí i lára." Onígbàgbọ́ ni mí, àmọ́ mo ṣèlérí. Mo fi gèlè rẹ̀ wé ọmọ náà, mo pọ̀n ọ́n kí àwọn èèyàn lè rò pé ó ń sùn. Nígbà tí mo dé ẹnu mọ́ṣáláṣí, mo rí àwọn ọlọ́pàá. Bóyá ìrun ni wọ́n wá kí. Mo rò pé wọ́n á béèrè ìwé, wọ́n á sì ti èmi àti Sìkírá mọ́lé. Mo yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sípò mi.

Mo bẹ awakọ̀ ará Pákísítánì tó máa ń kó ẹrù wa. Ó mọ abúlé kan lápá òkè Sharjah tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi sílẹ̀ nígbà tí kànga wọn gbẹ. Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀. Kò sí ewúrẹ́, kò sí ẹyẹ, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń wò mí látinú ilé. Lórí òkè lẹ́yìn abúlé náà, àpáta kan yọ síta bí òrùlé; mo pọn ọmọ náà gòkè lọ síbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù, èéfín àtijọ́ sì ti sọ ọ́ di dúdú.

Mo fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀. Kò tíì jìn tí ọwọ́ mi fi kan egungun. Egungun ọmọdé ni. Ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ìkarahun òkun tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ́ ọmọ Sìkírá sáyè rẹ̀, mo sì bo àwọn méjèèjì. Mi ò lè gbàdúrà kankan.

Awakọ̀ ní, "Yalla, madam, khalas," pé ká máa lọ, ó ti parí. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn mi wúwo. Mo fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ ó wúwo bíi ti ìgbà tí mò ń gòkè lọ. Mi ò lè fẹ̀yìn ti àga nínú ọkọ̀. Awakọ̀ náà yí dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn sókè, kò wẹ̀yìn títí a fi dé Deira.

Mo sọ fún Sìkírá pé wọ́n kírun sí ọmọ rẹ̀ lára, pé itẹ́ òkú Mùsùlùmí ló wà. Ó béèrè ibi tó wà gan-an. Mo ní, "Ṣebí o mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ." Àṣà wa ni mo fi bo irọ́ mi. Ó sunkún, kò béèrè mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí àwòrán àpáta náà nínú ìwé ìròyìn nílé oúnjẹ kan. Àwọn òyìnbó tó ń wú ohun àtijọ́ ti dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí òkú ọmọ ayé àtijọ́ kan, tòun ti ìkarahun lọ́rùn, àwọn sì ti gbé e lọ. Mo kà á, mo tún un kà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tí a fi gèlè wé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dá wà, ẹ̀yìn mi tún máa ń wúwo.

Sìkírá ti padà sílé tipẹ́, ó sì ti lóyún mìíràn. Ó pè mí láti Èkó: "Àǹtí, mi ò ka èèwọ̀ yẹn sí mọ́. Mo fẹ́ lọ kí ọmọ mi kí n tó bí èyí, kí ọdún 2000 tó wọlé."

Ẹ̀rù ń bà mí fún oyún náà tí mo bá sọ òótọ́. Lánàá, mo lọ sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí. Mo rí sàréè kékeré kan tí kò ní orúkọ. Mo ti gbá àyíká rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Jímọ̀: ṣé kí n mú Sìkírá lọ síbẹ̀, kí n sì dúró tì í bó ṣe ń sunkún lórí ọmọ ọlọ́mọ?