Ọwọ́ Mi Ló Kọ Ìwé Pélébé Ara Àpò Wọ̀nyẹn

Àpò ọ̀rá mẹ́rìnlélógún ló wà lábẹ́ ibùsùn tí mo ń dá sùn lé báyìí. Àpáàdì ló wà nínú gbogbo wọn. Ìyàwó mi ló wà wọ́n nínú ilẹ̀, èmi ni mo bà wọ́n jẹ́, òun ló sì ru ẹ̀bi rẹ̀ wọ sàárè. Ó ti lé ní ọdún kan tí a sin ín. Àwọn tó ń wá kí mi a máa sọ pé ọkọ rere ni mí, pé ọkùnrin wo ló máa ń jókòó bá ìyàwó rẹ̀ fọ àpáàdì? Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, inú a bí mi débi pé n óò dìde, n óò ní mo fẹ́ lọ wo omi tí mo gbé kaná. Kò sí omi kankan lórí iná.

Ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Mo ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ìjọba kan ní Ìlọrin níbí. Ìyàwó mi kàwé jù mí lọ, kò sì dùn mí. Àkíọ́lọ́jì ló kọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Ahoro ìlú kan lẹ́bàá Màlété ni ó ti wa ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Alhaja onílé wa kì í jẹ́ kó sinmi. Á ní, "Dókítà, ìkòkò kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lánàá o. Ṣé kí n kó o wá fún ọ?" Ìyàwó mi á ní, "Alhaja, ẹ bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ Dúpẹ́ ni yóò wá wà á." Dúpẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí.

Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ló ń jẹ́ kí n kọ ìwé pélébé tó máa ń wà lára àpò kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ bí ibi tí wọ́n ti rí àpáàdì náà ṣe jìn tó nínú ilẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó lò, tòkè ni ti àwọn tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Òfin kan ló fún mi: kí n fọ ti àpò kan, kí n sá a, kí n kó o padà sínú àpò rẹ̀ kí n tó tú òmíràn. Ó ní bí àpáàdì bá ti ṣìnà kúrò nínú àpò rẹ̀, kò ní ìtàn kankan láti sọ mọ́.

Ìgbà tó yá ni lẹ́tà dé láti yunifásítì kan ní ìsàlẹ̀ Gúúsù. Wọ́n ń wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí yóò ṣe ìwádìí, tí yóò sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì. Wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó kó àwọn ohun tó wà jáde dání. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ó lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì fi àpò mẹ́fà tó kù sílẹ̀ fún mi láti fọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bọ́ọ̀lù wà nínú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wa. Mo fọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, mo sá wọn sórí ẹní kan ṣoṣo ní òkìtì mẹ́fà, mo fi òkúta tẹ ìwé òkìtì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Ìjì òjò dé. Àwọn ewúrẹ́ Alhaja sáré gba orí ẹní náà kọjá lọ sábẹ́ òrùlé. Ìgbà tí mo máa dé, òkìtì mẹ́fà ti di ọ̀kan, ìwé sì ti wà nínú gọ́tà.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo fi ojú lásán pín wọn: èyí tó dúdú sí ìsàlẹ̀, èyí tó pọ́n sókè. Mo kọ ìwé mẹ́fà tuntun. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ kí ó lọ fún ọdún méjì. Kì í ṣe ìyẹn ló tú àpáàdì ká, ṣùgbọ́n bóyá òun ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó dé, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ ti ṣe é tán?"

Mo ní, "Mo ti ṣe é tán."

Ó ní, "Ọlọ́run á bá mi dá yín sí."

Ọjọ́ tó ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà dé, mo lọ pàdé rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage. Kò jẹ́ kí n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan mú àpáàdì kan láti inú àpò ìsàlẹ̀ pátápátá, ó mú òmíràn nínú ti òkè, ó fi wọ́n kanra, wọ́n sì bára mu. Ìkòkò kan náà ni. Ó mú méjì mìíràn, àwọn náà bára mu. Ó wá bi í pé, "Dókítà, ṣé ẹni tó tẹ ìlú dó ló gbé apá kan ìkòkò, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wá gbé apá kejì?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní aláìfarabalẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà.

Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Èmi kò tó o. Mo dákẹ́ láti Ọ̀fà Garage títí dé ilé. Mo dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta tó fi ń tú àwọn àpò náà, tó ń dì wọ́n, tó ń wá ibi tó ti ṣìṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Lórí ibùsùn àìsàn, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ó dá mi lójú pé mo farabalẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?" Mo ní kó máa sinmi.

Wàyí o, Sáídù, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá ìyàwó mi wa ilẹ̀ nígbà náà, tó ti di olùkọ́ báyìí, wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ kó àwọn àpò náà, kó fi parí ìwé tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, kó sì fi orúkọ olóògbé síwájú ìwé. Ó wo ìwé pélébé kan, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín rèé. Dókítà máa ń sọ fún wa pé ọwọ́ yín kì í ṣàṣìṣe." Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn yóò tún fi àpáàdì méjì kanra lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì fi olóògbé ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Dúpẹ́ yóò mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́.

Mo ti kọ ìwé pélébé kan sí i. Ohun tí mo kọ sí i ni pé, "Èmi ọkọ rẹ̀ ni mo da mẹ́fà nínú àpò wọ̀nyí pọ̀. Òun kò ṣì í." Mo ti so ó mọ́ àpò àkọ́kọ́, mo sì ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé yìí ni Sáídù ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé kí n so ó padà?