Bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ bàtà mi

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi, ẹ sún mọ́ ẹní mi díẹ̀, ohùn mi ò ròkè mọ́. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ irọ́ lẹ gbọ́. Asimawu, wá jókòó níwájú, torí orí bàbá rẹ ni mo fẹ́ ti sọ ẹrù tí mo gbé lé e kalẹ̀.

Gbogbo yín mọ pápá gọ́ọ̀fù tó ti di igbó lọ́nà Mamu. Ọdún méje ni àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun fi ń wá díje níbẹ̀. Èmi àti Waris, ọmọ Òjòwò bíi tèmi, la jọ bẹ̀rẹ̀, à ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn ọ̀gá. Òun di ògbóǹtarìgì. Èmi di ẹni tó ń dúró létí igbó, tó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ohun tí mo bá wí ni gbogbo wọn ń gbà. Ìlara ò jẹ́ kí n ka ìyẹn sí iyì.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ìdíje ọdún keje, Waris ló ń léwájú. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan, ó yà, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi nínú koríko. Mo gbé bàtà lé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Mo ní kó ṣáà pàdánù bọ́ọ̀lù kan péré, kí ipò iwájú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

"Ògúnbáyọ̀, ibo ló wà?" ni Waris wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí o ti ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Mo na àsíá ọwọ́ mi sí igbó. "Ibẹ̀ yẹn ló wọ̀. Yára, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ẹ láti wá a."

Mo mọ̀ pé Mùtàlíbù, bàbá Asimawu, tó ń dáko lẹ́bàá pápá náà, dẹ tàkúté irin fún ọ̀yà níbẹ̀. Mo rí àkísà pupa tó so mọ́ igi, bí gbogbo ọdẹ ibí ṣe ń ṣe, kí èèyàn má baà kó sí i. Mo dákẹ́. Mo ní Waris á rí i fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ni Waris ń wò. Tàkúté yẹn fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbá gọ́ọ̀fù mọ́ títí dòní.

Èyí tó burú jù rèé. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, mo tú àkísà náà, mo kì í bọ àpò. Nígbà tí àwọn èrò yí Mùtàlíbù ká, ó ní, "Wallahi, mo so àmì. Ògúnbáyọ̀, àbúrò mi, ibí lo máa ń dúró, bá mi sọ fún wọn."

Mo wojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan."

Wọ́n lé e kúrò lóko. Abigi ló kó lọ, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn onídíje ò padà wá mọ́, ẹ ní òun ló ba ìdíje náà jẹ́, ẹ sì ń fi tàkúté bú ọmọ rẹ̀.

Asimawu, má tíì dìde. Mo pe Waris láàárọ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "O ṣeun," ó pa fóònù. Bí ìwọ náà ò bá lè dárí jì mí, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà láwùjọ, kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé Mùtàlíbù ò so àmì, ẹ ní Ògúnbáyọ̀ ará Òjòwò ni. Ẹ ní ẹnu rẹ̀ náà lẹ ti gbọ́ pé ó so ó.